Òjìji Onígun Mẹ́rin

Àwòrán tí a ti ń retí láti ọjọ́ Ẹtì wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àná la ti fọwọ́ sí ìwé. Mo wo àwòrán náà lójú kọ̀ǹpútà, mo fẹ̀ ẹ́ sí i, mo tún un wò. Ohun tí a fọwọ́ sí pé a rí, kò sí níbẹ̀.

Èmi nìkan ni mo wà ní ọ́fíìsì. Yàrá méjì péré ni, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Gárkì, lókè àwọn tó ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ọyẹ́ ti mú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Eruku bo Àbújá mọ́lẹ̀ débi pé mi ò rí ilé tó wà ní òdìkejì títì. Ohùn ọkọ̀ nìkan ló ń gòkè wá, bí ẹni pé abẹ́ omi ni wọ́n ti ń wà wọ́n.

Iṣẹ́ wa kò wọ́pọ̀. Nígbà tí àwọn ológun orílẹ̀-èdè ńlá bá lo bàálù títí tó fi darúgbó, wọn kì í sábà fọ́ ọ. Wọ́n á gbé e lọ sí aṣálẹ̀, níbi tí òjò kì í rọ̀, tí irin kì í tètè dípẹtà. Wọ́n á tò wọ́n sí ìlà, wọ́n á kun fèrèsé wọn ní funfun, wọ́n á fi aṣọ funfun we ẹ́ńjìnnì wọn, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì gbéra láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Ẹ̀rọ sátẹ́láìtì ń kọjá lójú ọ̀run, ó ń yà wọ́n ní fọ́tò. Àwọn tó fẹ́ mọ̀ nípa wọn máa ń gbé iṣẹ́ wá fún wa pé kí a wo àwòrán náà, kí a sọ irú bàálù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, kí a sì sọ bóyá ó pé tàbí wọ́n ti yọ nǹkan lára rẹ̀.

Láti òkè ọ̀hún, bàálù ológun ńlá kì í ju èékánná lọ. Gígùn apá rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n, àti bí ìrù rẹ̀ ṣe là. Ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ ló ń sọ òótọ́ jù. Èèyàn lè kun ara bàálù, ó lè dà á pọ̀ mọ́ yanrìn, àmọ́ kò sí ẹni tó lè kun òjìji. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Bàbá Akínọlá ni ọ̀gá mi. Ọmọ Ẹ̀kìtì ni, ó sì fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tún ẹ́ńjìnnì bàálù ṣe nínú iṣẹ́ ológun òfurufú kó tó fẹ̀yìn tì. Èmi ní tèmi, ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ. Ìlú Ìyàrà ni wọ́n ti bí mi, Mpape létí Àbújá ni èmi àti ìyá mi sì ń gbé. Bàbá bá mi níwájú ṣọ́ọ̀bù ìwé àlòkù kan, níbi tí oníṣọ́ọ̀bù náà ti máa ń yá mi ní ìwé ìtàn kà. Ó yọ àwòrán kan látinú àpò rẹ̀, ó ní kí n sọ ohun tí mo rí. Mo ní bàálù mẹ́fà ni, àmọ́ òjìji ọ̀kan kúrú ju ti àwọn yòókù, ó ní láti jẹ́ pé táyà rẹ̀ ti jò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé. Mo dá ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí pé kò sí ọ̀nà, ìyẹn ni mo fi ń wo ọjọ́ náà bí ọjọ́ tí Ọlọ́run rántí mi.

Òfin ọ́fíìsì wa kò pọ̀. Ojú méjì ló gbọ́dọ̀ wo iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi á kọ́kọ́ wò, màá kọ ohun tí mo rí sínú ìwé, màá fi sínú àpò lẹ́tà, màá lẹ̀ ẹ́ pa. Bàbá á wò ó nínú yàrá tirẹ̀, òun náà á kọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó jókòó ṣí méjèèjì. Bí wọ́n bá bára mu, a ó fọwọ́ sí i. Bí wọn kò bá bára mu, a ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Fún ọdún kan àbọ̀ tí mo ti wà níbẹ̀, wọn kò tíì yàtọ̀ síra rí. Mo máa ń fi í yangàn fún ìyá mi. Òfin kejì ni pé àwòrán méjì la gbọ́dọ̀ wò, ọ̀kan ti òwúrọ̀, èkejì ti ìrọ̀lẹ́, torí pé ohun tí òjìji òwúrọ̀ bá gbé pamọ́, ti ìrọ̀lẹ́ máa ń tú u síta.

Saheed ló gbé iṣẹ́ yìí wá. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ló ń bá ṣiṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Àwọn akẹ́rù kan ti ra bàálù ńlá kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, bàálù náà sì ti wà ní pápákọ̀ òfurufú Àbújá. Ìwé rẹ̀ pé, ó sì mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ta ilé-iṣẹ́ Saheed lólobó pé ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í ṣe ohun tí ìwé náà sọ. Ó ní ara bàálù ológun kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú aṣálẹ̀ ni wọ́n ti yọ wọ́n, wọ́n kàn tún wọn kùn ni. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ tán. Bàbá ti ṣàlàyé fún mi rí bó ṣe máa ń ṣe. Á dún dáadáa lórí ilẹ̀. Á gbé ọkọ̀ gòkè láìkùn. Ìgbà tó bá di pé kò sí ibi tí èèyàn lè balẹ̀ sí mọ́ ni abẹ̀bẹ̀ irin inú rẹ̀ á tó já, á sì ya ara ọkọ̀ bí abẹ ṣe ń ya aṣọ.

Bàálù mẹ́jọ tó ń lo irú ẹ́ńjìnnì yẹn ló wà ní ìlà kan nínú aṣálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ẹ́ńjìnnì méjìlélọ́gbọ̀n náà ṣì wà níbẹ̀? Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, àhesọ lásán ni, kí ọkọ̀ máa fò.

Àwòrán òwúrọ̀ dé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Mo ka aṣọ funfun tó yọ orí síwájú lábẹ́ apá wọn, mo kà á nígbà mẹ́ta. Méjìlélọ́gbọ̀n. Ti ìrọ̀lẹ́ kò dé, nítorí ìjì eruku tó jà ní aṣálẹ̀ ọ̀hún. Saheed pè wá lọ́jọ́ Ẹtì, ó pè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó pè lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ Ajé, ó ní àwọn akẹ́rù ti fẹ́ fi fóònù pa òun. Mo ní kí a dúró. Bàbá ní kò burú, pé ẹyọ kan tó, pé ìlà yẹn kò yí padà láti ọdún mẹ́wàá. Mo kọ méjìlélọ́gbọ̀n. Bàbá náà kọ méjìlélọ́gbọ̀n. A fọwọ́ sí i, a sì fi ránṣẹ́ kí oòrùn tó wọ̀.

Ní báyìí, ti ìrọ̀lẹ́ ló wà níwájú mi yìí.

Oòrùn ti rẹlẹ̀ nínú rẹ̀, òjìji gbogbo nǹkan sì ti gùn lórí yanrìn. Lábẹ́ apá bàálù kìn-ín-ní, òjìji ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló nà jáde, ó rí roboto lórí bí ìdí ìgò. Ìkejì rí bẹ́ẹ̀. Ìkẹta rí bẹ́ẹ̀, ìkẹrin náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dé orí ìkarùn-ún, mo dúró. Mẹ́rin ni òjìji tó wà lábẹ́ apá tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n kúrú, wọ́n ní igun mẹ́rin, igun náà sì mú bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á.

Mo mọ òjìji yẹn. Mi ò ní láti wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn ilé wa ní Mpape, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, àwọn kan wà tó ń yọ búlọ́ọ̀kù. Wọ́n á tò wọ́n síta kó lè gbẹ, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, òjìji wọn á nà sílẹ̀ ní ìlà ìlà gẹ́lẹ́ báyìí. Láti ọmọ ọdún méjìlá ni mo ti ń gba àárín wọn kọjá lọ pọn omi.

Ọ̀rọ̀ kan tí Bàbá sọ fún mi ní oṣù tí mo dé wá sí mi lọ́kàn. Ó ní bí wọ́n bá yọ ẹ́ńjìnnì kúrò lára bàálù tó wà ní aṣálẹ̀, apá rẹ̀ á fúyẹ́, afẹ́fẹ́ á sì máa mì ín títí á fi kán. Nítorí náà wọ́n máa ń so kọnkéré rọ̀ sí ojú ibi tí ẹ́ńjìnnì wà, kó lè wúwo. Ìyẹn kò burú, wọn kì í fi pamọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fi aṣọ we kọnkéré. Ara ẹ́ńjìnnì ni aṣọ wà fún, kí eruku má bàa wọ inú rẹ̀. Kí ni eruku fẹ́ fi kọnkéré ṣe?

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo lè gbà rò ó. Ẹnì kan gun àkàsọ̀ nínú oòrùn yẹn, ó we aṣọ funfun mọ́ kọnkéré mẹ́rin, ó fà á kó dán, ó tún fi okùn dì í. Kì í ṣe nítorí afẹ́fẹ́ ló ṣe ṣe é. Ojú tó ń wo ilẹ̀ láti òkè ló ṣe é fún. Ó mọ̀ pé èmi ń bọ̀ wá kà á. Mo bojú wẹ̀yìn lórí àga mi nígbà tí mo rò ó débẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹnì kankan.

Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ti lọ. Mẹ́rin ló wà lára ọkọ̀ tó wà ní pápákọ̀.

Mo pe Saheed. Mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún un. Òfin ní ojú kejì gbọ́dọ̀ wò ó kí ọ̀rọ̀ kan tó jáde ní ọ́fíìsì wa. Mo kàn fẹ́ mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn máa gbéra. Inú rẹ̀ dùn láti gbọ́ ohùn mi. Ó ní ìwé wa ti ṣiṣẹ́ bí oògùn, ọ̀gá òun ti fọwọ́ sí i lálẹ́ àná, ọkọ̀ náà yóò kó ẹrù lọ sí Yola ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ márùn-ún ló máa wà nínú rẹ̀. Ó wá dákẹ́ díẹ̀, bí ọmọdé tó fẹ́ fi nǹkan tuntun hàn.

“Èmi ni ìkẹfà,” ó ní. “Ilé-iṣẹ́ ní kí ẹnì kan bá wọn lọ, kó fi ojú rẹ̀ rí i. Hàlímàt, mi ò wọ bàálù rí láyé mi. Ìyá mi ti ń gbààwẹ̀.”

Mo ní kí Ọlọ́run mú un lọ mú un bọ̀. Ẹnu mi ló sọ ọ́.

“Kai, kí ló ṣe ohùn ẹ? Má sunkún, màá padà wá. Tí a bá kọjá lórí Mpape, màá ju ọwọ́ sí ẹ. Kó o kàn wá síta o, má jẹ́ kó dà bíi pé àwọn búlọ́ọ̀kù ni mò ń kí.”

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi pa fóònù. Mo jókòó sórí àga. Mo ń rí i lójú inú mi, bó ṣe máa fojú lé fèrèsé, bó ṣe máa máa wá òrùlé wa nínú eruku.

Bàbá dé nígbà tí aago mẹ́sàn-án lù. Mo gbọ́ tí ọlọ́dẹ ìsàlẹ̀ kí i ní èdè Haúsá pé “Sànnu, Baba”, mo sì gbọ́ ìṣísẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó máa ń kà wọ́n bó ṣe ń gòkè, láti orí ení títí dé orí ẹrìndínlógún. Mo ti máa ń rò pé àṣà ológun ni. Ó wọlé, ó bi mí bí ìyá mi ṣe wà, ó ní ọyẹ́ ọdún yìí kò ní tètè lọ. Mo dìde kúnlẹ̀ kí i, mo ní àwòrán ìrọ̀lẹ́ ti dé, kí ó jọ̀ọ́ kó wá wò ó kíákíá.

Ó wá dúró lẹ́yìn àga mi. Ní ìgbà yẹn gan-an ni íńtánẹ́ẹ̀tì wa já, bó ṣe máa ń já, àwòrán náà sì parẹ́. Nígbà tó fi máa padà wá, apá ibi tí bàálù kò sí ló kọ́kọ́ yọ. Yanrìn lásán ló kún ojú kọ̀ǹpútà, pupa fẹ́ẹ́, láìsí nǹkan kan lórí rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ó ti tẹrí ba, ó ti gbé awò ojú rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó sì ń mi orí jẹ́jẹ́.

“Mo rí wọn,” ó ní. “Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Kí ló wá ń bà ẹ́ lẹ́rù?”

Àwọn bàálù náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọwọ́ òsì. Bàbá ṣì ń mi orí sí ibi tí wọn kò tíì dé.

“Bàbá,” mo ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka kan ìkarùn-ún fún mi.”

Ó na ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú, ó yí díẹ̀ sí ọ̀tún, ó yí sí òsì, ó sì wá sọ̀ kalẹ̀ sórí etí tábìlì, níbi tó ti rọra wá àga kan. Ó jókòó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ó kọjú sí mi, ṣùgbọ́n èjìká mi ló ń wò.

Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní ó máa pé ọdún méjì lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti bẹ̀rẹ̀, kò dun òun rárá, òun kàn ń kọ lu nǹkan. Ìgbà tí òun fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ní èyí tó ti lọ kò lè padà, àwọn á kàn gbìyànjú láti di èyí tó kù mú. Èyí tó kù náà ti ń lọ báyìí. Òun ń rí ìmọ́lẹ̀, òun ń rí pé èèyàn ń kọjá. Ìyàwó òun nìkan ló mọ̀.

Mo ṣírò ọdún náà. Mo ní, “Kí n tó dé ni.”

“Kí o tó dé ni. Ìdí tí mo fi wá ẹ nìyẹn.” Ó gbé awò náà padà sójú. “Ojú ni mò ń wá, Hàlímàt. Ọlọ́run sì fún mi ní èyí tó dára.”

Gbogbo rẹ̀ wá ń tò síwájú mi. Láràárọ̀, kí ó tó wọ yàrá rẹ̀ lọ láti wo iṣẹ́, á kọ́kọ́ gbé tíì rẹ̀ wá sídìí tábìlì mi. Á ní, “Hàlí, báwo ni ìlà yẹn ṣe rí lójú ẹ?” Inú mi á dùn pé àgbà bí irú èyí ń bi mí léèrè, màá sì máa rò ó lọ, bàálù kan lẹ́yìn èkejì, àwọ̀ wọn, ìrù wọn, iye wọn. Á gbọ́ mi tán láìjá lu ọ̀rọ̀ mi. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ mi. Lẹ́yìn náà á wọlé, á ti ilẹ̀kùn, á sì lọ kọ ohun tí mo ti sọ sínú ìwé. Àpò lẹ́tà tí mò ń lẹ̀ pa kò jámọ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ajé pàápàá, mo ti sọ fún un pé wọ́n pé méjìlélọ́gbọ̀n kí n tó kọ ọ́. Ojú kan ṣoṣo ló ti ń wo gbogbo iṣẹ́ wa láti ọdún kan àbọ̀, ojú náà sì ti ṣìṣe.

Mo sọ ohun tó wà nínú àwòrán fún un. Mo sọ nípa òjìji onígun mẹ́rin, mo sọ nípa aṣọ tí wọ́n fi we kọnkéré, mo sọ nípa aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la àti Saheed. Ó fetí sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo dórí aṣọ náà, ọwọ́ rẹ̀ tó wà lórí orúnkún dúró.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò pariwo. Ó ní àwòrán kò lè fi hàn pé ẹ́ńjìnnì tó kúrò níbẹ̀ ni ó wà lára ọkọ̀ Saheed. Ó lè jẹ́ ibòmíràn ni wọ́n gbé e lọ. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó ní àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wà ní pápákọ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní ìwé wa ni wọ́n ń wò, kì í ṣe inú ẹ́ńjìnnì, torí pé a ti sọ fún wọn pé kò sí ohun tó ṣe é. Ó ní bí a bá kọ̀wé lónìí pé a ṣìṣe, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè ni bí ojú méjì ṣe pàdánù ohun kan náà. Wọ́n á ní kí òun wá jókòó níwájú àwọn, kí òun wo àwòrán. Gbogbo iṣẹ́ tí òun ti fọwọ́ sí láti ọdún méjì, wọ́n á tú u palẹ̀. Orúkọ tí òun fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́, wọ́n á máa pè é ní orúkọ oníjìbìtì ní ìlú òun.

“Ìwọ náà ńkọ́?” ó ní. “Ta ló máa gba ọmọ tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan ju ìwé mẹ́wàá, tí iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ṣe rí jẹ́ èyí tó dàrú?”

Mo ti ń bi ara mi ní ìbéèrè náà láti àárọ̀.

Ohun tó fẹ́ ni pé kí a dúró di Ọjọ́bọ̀. Ó ní a ó tọrọ àwòrán kẹta. Bí ọkọ̀ náà bá lọ tó sì bọ̀ ní àlàáfíà, a ó tún ìwé náà kọ jẹ́jẹ́, a ó ní eruku ni kò jẹ́ kí a tètè rí i, òun á sì ti ọ́fíìsì pa fúnra òun, ní ìrọ̀rùn, bí àgbà ṣe ń kúrò láwùjọ.

“Bí kò bá bọ̀ ńkọ́, Bàbá?”

Bàálù kan ń kọjá lórí wa nígbà yẹn, nínú eruku, níbi tí kò sí ẹni tó lè rí i. Àwa méjèèjì gbé orí sókè. Bàbá yí etí rẹ̀ sí i títí ohùn rẹ̀ fi kú lọ.

“Ẹ́ńjìnnì méjì,” ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Ara wọn yá.”

Mo fa àga mi sún mọ́ ọn títí orúnkún wa fi fẹ́ kanra. Mo ní kó gbàgbé ìwé, kó gbàgbé èmi. Mo ní òun ló tú irú ẹ́ńjìnnì yẹn palẹ̀ fún ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀, òun ló mọ ohun tó ń ṣe bó bá gbó. Èyítáyọ̀ ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ó ń kàwé ní Ìbàdàn.

“Bó bá jẹ́ Èyítáyọ̀ ló fẹ́ wọ ọkọ̀ yẹn lọ́la, ẹ máa jẹ́ kó wọ̀ ọ́?”

Mo gbọ́ tí wọ́n ń pe oníbàárà nísàlẹ̀ pé kó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè fún fọ́tò.

“Rárá,” ó ní.

Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ mi mú. Ó wá a, kó tó rí i. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì le bí ti àwọn tó fi irin ṣiṣẹ́.

“Ṣùgbọ́n kì í ṣe Èyítáyọ̀ ló ń lọ, Hàlí,” ó ní. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. “Kì í ṣe òun.”

Mi ò fa ọwọ́ mi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jùyẹn lọ. Mo wo ojú rẹ̀ tó ń wá ojú mi tí kò rí i, mo sì rí i pé bí mo bá dákẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, màá ti di ẹni tó gun àkàsọ̀ nínú aṣálẹ̀, tó ń we aṣọ mọ́ ohun tí kò sí.

“Bàbá,” mo ní, “mo fẹ́ fi àwòrán yìí ránṣẹ́ sí Saheed àti ọ̀gá rẹ̀ nísinsìnyí, màá sì pè wọ́n kí ọkọ̀ náà má gbéra. Orúkọ tèmi nìkan ni mo máa fi sí i. Màá kọ ọ́ pé èmi ni mo kà á tí mo sì ṣìṣe, màá sì kọ ọ́ pé ẹ kò wo iṣẹ́ tí a fọwọ́ sí lánàá, nítorí pé ẹ kò ríran mọ́.”